Ọkọ Mi Tó Ń Fi Etí Jẹun Nílùú Ńlá

Kò sí ẹranko kankan nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sì sí iwin. Ọkọ mi ló wà nínú rẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tábìlì funfun tí kò lóǹkà. Ẹni tó bá sọ pé ìtàn tí kò sí iwin nínú rẹ̀ kì í dùn, kó ṣáà fara balẹ̀ ná.

Alágbàfọ̀ ni wá. Èmi ni mò ń fọ̀, ọkọ mi ló ń lọ̀, òun náà ló sì ń gbé e lọ. Ilé oúnjẹ ńlá kan wà nílùú ńlá, wákàtí mẹ́ta gbáko ni bọ́ọ̀sì fi ń rìn ín láti ọ̀dọ̀ wa bí kò bá bàjẹ́ lọ́nà. Àwọn ló ń kó aṣọ tábìlì àti aṣọ ìnuwọ́ wọn fún wa. Láti àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo ti ń rẹ wọ́n. Àbàwọ́n pọ̀ lóríṣiríṣi. Ti ọbẹ̀ ń fẹ́ omi gbígbóná. Ti ẹ̀jẹ̀ ẹran kò gbọdọ̀ fojú kan omi gbígbóná rárá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dúró síbẹ̀ bí àmì tí wọ́n bí mọ́ ọmọ. Tí mo bá fọ̀ wọ́n tán, mo máa ń po búlúù díẹ̀ sínú omi tí mo fi ń ṣàn wọ́n, kí wọ́n lè funfun báláú. Ọkọ mi á wá fi sítáàṣì sí i, á lọ̀ ọ́ títí igun rẹ̀ á fi le bí ìwé. Kí aṣọ má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, mo máa ń rán fọ́nrán òwú búlúù kan mọ́ igun ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi tí n kò mọ̀wé, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ orúkọ mi.

Tó bá di Sátidé, ọkọ mi á di ẹrù méjì, á wọ bọ́ọ̀sì òwúrọ̀. Á gbé aṣọ mímọ́ lé wọn lọ́wọ́ lọ́sàn-án, á sì dúró títí àwọn tó wá jẹun nírọ̀lẹ́ á fi ṣetán, kó lè kó èyí tó dọ̀tí. Á sùn lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ń gẹ irun nílùú ọ̀hún, á wọlé wẹ́rẹ́ ní ọ̀sán Sọ́ńdè. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kò yẹ̀ lọ́sẹ̀ kan.

Bó bá jẹ́ pé ẹrù nìkan ló ń gbé bọ̀, n kì bá tí sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń gbé ìròyìn bọ̀ pẹ̀lú. Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, iwájú ilé wa á kún. Àwọn ọmọdé á tẹ́ ẹní, àgbà á gbé àpótí wá láti ilé. Ọkọ mi á fara ti ògiri, á dákẹ́ títí ọ̀rọ̀ á fi máa yún àwọn èèyàn lára, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ó ṣe jẹun nínú gbọ̀ngàn ilé oúnjẹ náà. Ó ní iná tí wọ́n so mọ́ òkè ibẹ̀ dà bí òjò tó ń rọ̀ bọ̀ tí wọ́n ní kó dúró sókè. Ó ní òpó ibẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò rí ẹni tó lè nu orí rẹ̀, wọ́n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Èyí tí gbogbo wa fẹ́ràn jù ni ti olórin. Ọkùnrin kan ni, ó ní, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ọrùn rẹ̀ ki bíi ti màlúù, bó bá sì fẹ́ kọrin, wọ́n á kọ́kọ́ kó gíláàsì kúrò nítòsí rẹ̀. Ọkọ mi á wá fi ohùn ara rẹ̀ kọ díẹ̀ nínú orin náà fún wa, á gé e láàárín, á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tí èrò bá ti tú, á tú ìwé tí wọ́n fi di ìdajì adìyẹ yíyan fún mi. "Mo jẹ, mo yó," á wí, "mo ní kí wọ́n di ìyókù fún ìyàwó mi."

Bàbá Ìròyìn ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa: ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó ga, kò lówó, iṣẹ́ aṣọ lílọ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn fi ń gba ìkíni láàárín ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò ní kí ẹni tó ń lọ aṣọ, wọ́n ń kí Bàbá Ìròyìn. Wọ́n á ní ẹni tó ń bá àwọn ńláńlá jẹun ló ń kọjá lọ yẹn. Mo máa ń rí i bí ó ṣe ń na ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n bá kí i bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà, Káfíńtà tó wà lódìkejì ilé wa. Ẹgbẹ́ ni òun àti ọkọ mi, eyín àti ahọ́n sì ni wọ́n. Ó bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ tó o ti ń jẹun láàárín àwọn ọlọ́lá látọdúnmọ́dún, báwo ni ọbẹ̀ ò ṣe ta sí ẹ láyà rí? Ṣẹ́ẹ̀tì ẹ mọ́ ju ti ẹni tó ń gbààwẹ̀ lọ."

Ọkọ mi dá a lóhùn pé, "Ẹni tó mọ ìyà tí àbàwọ́n fi ń jẹni kì í ta ọbẹ̀ sílẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Káfíńtà sì gbé àpótí rẹ̀ lọ sílé. Ṣùgbọ́n Káfíńtà ló jàre. Ọkọ mi kò wọ inú gbọ̀ngàn náà rí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló mọ̀, èyí tó wọ ilé ìdáná. Orí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ló ń jókòó sí láti ọ̀sán títí aṣọ á fi dọ̀tí. Mo ń sọ èyí fún yín báyìí kí ẹ lè mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀ nígbà tí lẹ́tà kan dé. Èmi kò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Ó sì yẹ kí n mọ̀, nítorí èmi ni mò ń fọ ṣòkòtò rẹ̀. Gbogbo Mọ́ńdè ni mo ń bá eruku sìmẹ́ńtì àti èédú ilé ìdáná nídìí ṣòkòtò náà. Mo fọ ọ́ fún ọdún mẹ́tàdínlógún, mo kàn ń sọ lọ́kàn ara mi pé wọn kì í nu àga wọn dáadáa nílùú ńlá.

Lẹ́tà náà dé láàárín aṣọ ìdọ̀tí lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan. Tíṣà obìnrin tó ń gbé nítòsí wa ló bá wa kà á sókè, lójú gbogbo èrò. Ìyá tó ni ilé oúnjẹ náà ló kọ ọ́. Ó ní ilé òun pé ogójì ọdún, òun sì fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń bá òun ṣiṣẹ́. Ó ní kí ọkọ mi mú mi dání wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí àwa méjèèjì wá jókòó jẹun nínú gbọ̀ngàn bí àlejò.

Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Mo wo ojú ọkọ mi, ó rí bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé áyọ́ọ̀nù lé lórí. Káfíńtà dìde, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ìyá wa, ojú yín ni mo fi ránṣẹ́ o," ó wí. "Ẹ bá mi wo olórin tí àyà ẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn yẹn. Mo fẹ́ mọ irú igi tí wọ́n fi ṣe é."

Láti ọjọ́ yẹn ni orúnkún ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ní Túsìdè, ó ní òun gbọ́ pé bọ́ọ̀sì kò ní ṣiṣẹ́. Ní Wẹ́sìdeè, ó ní òjò ńlá ń bọ̀, ojú ọ̀run sì mọ́ bíi dígí. Ní Tọ́sìdeè, áyọ́ọ̀nù jó aṣọ tábìlì kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Mo gé ibi tó jó, mo fi aṣọ mìíràn lẹ̀ ẹ́, mo rán an yíká bí ewé kékeré kan, n kò sì bá a wí. Nígbà tó di Fúráìdeè, ó jókòó tì mí níbi tí mo ti ń ká aṣọ, ó ní, "Gbọ̀ngàn yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ tó bí mo ṣe ń sọ ọ́ o."

Mo ní, "Bó bá tó ìdajì èyí tẹ́ ẹ sọ, Bàbá àwọn ọmọ, ó tó mi."

Ó dìde, ó lọ di ẹrù.

Bí a ṣe wọ bọ́ọ̀sì nìyẹn. Ẹ̀yin tó máa ń lọ sílùú ńlá lópin ọ̀sẹ̀ láti lọ jẹun, láti lọ wòran, ó lè má jọ yín lójú mọ́. Èmi, ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyẹn, irun mi sì ti funfun. Ilé ibẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé ìkùukùu ló ń fara ti wọ́n sinmi. Àwọn èèyàn ń rìn lójú pópó bí ẹni pé ẹnì kan pe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí obìnrin kan tó dúró nínú dígí ṣọ́ọ̀bù, ó múra dáadáa, mo kí i. Kò dá mi lóhùn. Mo ní bóyá ìwà wọn níbí nìyẹn, títí ọkọ mi fi fà mí lápá, tó ní ère tí wọ́n fi ń pàtẹ aṣọ ni. A wọ ilé ìtajà kan níbi tí àtẹ̀gùn ti ń gun òkè fúnra rẹ̀, tí àwọn èèyàn kàn dúró lé e lórí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àti ọmọ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, lábẹ́ òṣùpá, wọ́n máa ń sọ fún wa nípa ìlú kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀. Mo wá mọ̀ pé àwọn àgbà yẹn kò purọ́. Wọn kò kàn mọ̀nà ibẹ̀ ni.

Àbúrò rẹ̀ ti bá wa gbé aṣọ mímọ́ lọ fún wọn lọ́sàn-án. Nígbà tí a dé ilé oúnjẹ náà nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ọkọ mi yà sí ọ̀nà tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo bi í pé ibo ló ń lọ. Ó dúró, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ajá tí kò gbọ́ràn. A padà síwájú. Ilẹ̀kùn iwájú, dígí ni, ó sì ń yí po bí òòyì. Ọkọ mi fi ìgboyà wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀kùn gbé e yí, ó tún gbé e padà wá fún mi níta.

"Ẹ kú àbọ̀," mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló bá wa di ilẹ̀kùn náà mú kí a tó wọlé.

Ẹ wò ó, mo ti ń gbìyànjú láti sọ ohun tí mo rí nínú gbọ̀ngàn yẹn, ó sì máa ń jábọ́ lẹ́nu mi. Òkè ilé náà dúdú, wọ́n sì tẹ iná kéékèèké sí i, bí ìràwọ̀, n kò lè kà á. Nísàlẹ̀, tábìlì tó bí ọgọ́ta. Aṣọ wa ló wà lórí gbogbo wọn. Ìdọ̀tí ni mo fi mọ aṣọ wọ̀nyẹn, mo mọ̀ wọ́n ní tútù, mo mọ̀ wọ́n ní kíká. N kò rí wọn rí bí wọ́n ṣe ń tẹ́ wọn. Wọ́n funfun káàkiri ibẹ̀ bí agbo lékeléke tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bà sórí pápá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu mi gbàgbé láti pa dé. Ọwọ́ mi yìí, tí ọṣẹ ti bó, òun ló ṣe èyí? Mo yíjú sí ọkọ mi kí n sọ fún un. Òun náà ń wo òkè, ẹnu tirẹ̀ náà sì là sílẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi, ẹni tó ti ń wò ó láti ọdún mẹ́tàdínlógún?

Wọ́n mú wa lọ sí tábìlì wa. Mo kọ́kọ́ tẹ̀ ba, mo wo igun aṣọ. Òwú búlúù mi wà níbẹ̀. Nígbà tí mo jókòó, mo fọwọ́ pa àga náà. Àrán pupa ni, ó jinlẹ̀ bí irun ọmọ ẹran. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi: kò sí eruku kankan. Ibẹ̀ ni ìdí ṣòkòtò ọkọ mi ti wá sí mi lọ́kàn. Báwo ni sìmẹ́ńtì ṣe ń jáde lára àrán? Gbogbo ọ̀rọ̀ náà tò lọ́kàn mi lẹ́sẹ̀ kan náà. Mo gbé e mì. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí, òógùn ń bọ̀ níwájú orí rẹ̀, n kò fẹ́ fi kún un.

Agbáwo kan ń bọ̀, àgbà ọkùnrin tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó gbé ọbẹ̀ ẹja dání. Àwa méjèèjì kò bá ara wa sọ ọ́ o. Bí a ṣe rí ọbẹ̀ pupa yẹn tó ń bọ̀, ọwọ́ mi lọ, ọwọ́ ọkọ mi náà lọ, a ká aṣọ tábìlì sẹ́yìn títí igi fi hàn, kí wọ́n lè gbé àwo lé igi. Àwọn tó wà nítòsí yíjú wò wá. Agbáwo dúró. Ó wo aṣọ, ó wò wá, ojú rẹ̀ sì tàn.

"Bàbá Ẹ̀yìnkùlé!" ó wí. "Ẹ̀yin náà nìyí! Gbogbo ọdún tí mo ti ń gbé oúnjẹ yín jáde sórí àtẹ̀gùn, mi ò mọ̀ pé mo máa gbé e wá bá yín nídìí tábìlì."

Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó rọra tẹ́ aṣọ náà padà, ó ní kí a jẹ́ kó dọ̀tí, nítorí kó lè dọ̀tí ni wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Mo bi í pé ṣé òun ló máa fọ̀ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín lọ. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo inú ọbẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bọ́ sí kànga.

Ó yíjú sí mi. "Ìyá àwọn ọmọ, ẹsẹ̀ mi ò wọ ibí rí."

"Mo mọ̀," mo wí. "Ṣòkòtò yín ti ń sọ ọ́ fún mi tipẹ́. Èmi ni mi ò gbọ́."

Mo bi í nípa adìyẹ. Ó ní ìdajì kan ni wọ́n ń gbé fún òun lórí àtẹ̀gùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun a sì di í mọ́ ìwé bó ṣe wà. Mo ní òun wá ń jẹ kí ni? Ó ní búrẹ́dì wà níbẹ̀. Mo gbé ṣíbí mi kalẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mò ń jẹ ẹran yẹn, oúnjẹ alẹ́ ọkọ mi ni mò ń jẹ.

Ìgbà náà ni iná rọlẹ̀. Obìnrin arúgbó kan jáde síwájú, ó kéré, ó tín-ín-rín, kò ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin. Mo rò pé ó wá gbá ilẹ̀ ni. Ó la ẹnu. Ohùn tó jáde níbẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ó nípọn, ó gbòòrò, ṣíbí mi ń gbọ̀n nínú àwo. Irun ara mi dìde.

Ọkọ mi di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Òun nìyẹn," ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Òun nìyẹn. Obìnrin ni?"

Ó mọ gbogbo orin náà. Ètè rẹ̀ ń ṣáájú ti olórin. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló ti ń gbọ́ ọ, ilẹ̀kùn tí àwọn agbáwo ń fi ẹsẹ̀ ṣí tí wọ́n ń fi ìdí tì, nítorí náà, ní gígé-gígé ló fi ń gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń gé e fún wa. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ gbọ́ orin kan láti orí dé ìrù. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ tábìlì, kò sì rántí ká a.

Kí a tó jáde, ìyá tó ni ilé wá bọ̀ wá lọ́wọ́. Ó ní tábìlì yẹn ti di tiwa, ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, nínú bọ́ọ̀sì, ẹrù ìdọ̀tí wà lórí itan wa. Ọkọ mi bi mí pé kí ni mo máa sọ fún Káfíńtà. Mo mọ ohun tó ń bi mí. Ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi, orúkọ tó fi ọdún mẹ́tàdínlógún kọ́ á wó lójú ọmọdé. N kò fẹ́ ba ọkọ mi jẹ́, n kò sì fẹ́ parọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Nírọ̀lẹ́, iwájú ilé kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Káfíńtà jókòó níwájú pátápátá. Ọkọ mi fara ti ògiri, ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á. Kò sí ìró. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ mi.

Káfíńtà ní, "Ìyá, àyà olórin ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ di ojú yín ná. Gbogbo yín. Káfíńtà, ẹ̀yin náà." Nígbà tí wọ́n dijú tán, mo sọ fún ọkọ mi pé kó kọ orin náà, kó má gé e.

Ó kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kò tó ti ìyá arúgbó yẹn, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ délẹ̀, gbogbo ìdìde àti ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀. Kò sí ọmọ tó mira. Nígbà tó parí, mo ní, "Bí ọkọ mi ṣe ń rí i nìyẹn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń gbọ́ ọ, ó dijú, ó sì ń rí gbọ̀ngàn. Èmi tó fojú rí i, mo sọ fún yín pé kò sọ ọ́ tó."

Ọkọ mi tẹrí ba. Ó ní, "Òtítọ́ ni. Orí àtẹ̀gùn ni mo máa ń jókòó sí."

Káfíńtà kò tíì lajú. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí eékún. "Àyà ẹ̀ fẹ̀," ó wí. "Ilẹ̀kùn ni lóòótọ́."

A ti ń lọ láti ọjọ́ náà, ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù. Iwájú la ń gbà wọlé, ọkọ mi sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá ilẹ̀kùn yẹn yí. Wọ́n ṣì ń pè é ní Bàbá Ìròyìn, ṣùgbọ́n kò lè ròyìn mọ́. Láti ìgbà tó ti fojú rí i, tí wọ́n bá bi í, á ní kí wọ́n bi mí. Èmi náà á gbìyànjú, á jábọ́ lẹ́nu mi, a ó sì ní kó kọrin.

Lọ́sẹ̀ tí a bá lọ bẹ́ẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ kì í ní sìmẹ́ńtì mọ́. Iwájú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ọbẹ̀ ń ta sí báyìí, ní gbogbo ìgbà, nítorí òkè ló máa ń wò tó bá ń jẹun. Omi gbígbóná ni mo fi ń fọ̀ ọ́.